Oṣù Kan Láìjẹ Oúnjẹ Ọjà

Ìró tó máa ń jí mi ní ilé wa ní Bè, ní ìlú Lomé, kì í ṣe ti àkùkọ. Ti kànga ni. Okùn kànga wa ń gba orí kẹ̀kẹ́ irin kékeré kan kọjá, kẹ̀kẹ́ náà kò sì rí epo rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó mọ́ ibẹ̀. Bí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bá ti ń fa omi àlùwàlá ìdájí, kẹ̀kẹ́ yóò máa ké bí ọmọ tí wọ́n ń di irun rẹ̀ le jù. Lẹ́yìn náà ni rédíò bàbá mi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé, lẹ́yìn náà ni alùpùpù àwọn onízém tó ń gbé èrò yóò máa kùn nínú yanrìn ẹnu ọ̀nà wa, lẹ́yìn náà ni ohùn màmá mi, èyí tó borí gbogbo rẹ̀. Màmá mi ń ta abọ́ àti korobá ní ọjà ńlá, ó sì gbà pé ẹni tí kò bá lè pariwo kí oòrùn tó yọ, kò ní rí ọjà tà nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí. Ìsọ̀ yẹn náà ni mo jókòó sí lónìí, ohùn yẹn náà ni mo sì jogún. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìwé mi parí sí, nítorí náà kí ẹni tó ń ka èyí má wá ọgbọ́n ìwé nínú rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi nígbà tí ọjà bá dá ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àbúrò mi Múfú kò tíì ju mẹ́rin lọ. Àgbàlá wa kò tóbi. Yàrá márùn-ún ló yí i ká, yanrìn ló wà láàrin, igi àgbọn mẹ́ta ló dúró nínú yanrìn náà bí àlejò tí kò mọ ẹni tí yóò kí. Omi kànga wa níyọ̀. Ẹ fi po tíì, á dà bíi pé ẹnì kan ti sunkún sínú ife yín. Bàbá mi ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti ìlú òyìnbó, ohun tó bá sì bàjẹ́ nínú wọn, ó máa ń tú u palẹ̀ kó lè mọ ohun tó pa á. Inú páálí tẹlifíṣọ̀n kan báyìí ló ti bá awò ojú méjì, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní jímẹ́lì. Ẹnì kan ní òkè òkun ló gbàgbé e síbẹ̀. Màmá mi ní kó tà á. Bàbá mi fi kọ́ ọrùn, kò sì yọ ọ́ mọ́. Bó bá lọ sọ́jà, awò wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá lọ kí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, awò wà lọ́rùn rẹ̀.

Ayálégbé kan wà lọ́dọ̀ wa, olùkọ́ ni, a ń pè é ní Mẹ́tírì. Ọmọ ẹ̀yà Ifẹ̀ ti ilẹ̀ ibí ni, láti apá Atakpamé. Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa tí àwọn baba wa gbé wá láti Nàìjíríà, Ìyá Àgbà sì fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ, ó ní ó ń rán òun létí bí ìyá ìyá òun ṣe ń sọ̀rọ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà náà, kì í sì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun mùgùríbì tán, ìmọ́lẹ̀ kan yọ láti apá ọ̀sà, ó ń gòkè bọ̀, kò ṣẹ́jú bí ìràwọ̀, kò pariwo bí ọkọ̀ òfuurufú. Ó la orí àgbọn wa kọjá jẹ́jẹ́, ó sì wọlé sínú òkùnkùn. Bàbá mi fi awò tẹ̀ lé e títí ọrùn rẹ̀ fi ró.

Mẹ́tírì sọ fún un pé ilé tí wọ́n gbé sójú ọ̀run ni. Ó ní èèyàn wà nínú rẹ̀.

"Èèyàn bí irú tiwa yìí?" Bàbá mi béèrè.

"Bí irú tiwa yìí. Wọn ò pọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹun. Wọ́n tiẹ̀ ń dán ẹ̀fọ́ gbígbìn wò níbẹ̀."

"Omi ńkọ́?"

Mẹ́tírì wo Ìyá Àgbà kó tó dáhùn. "Wọ́n ń sẹ́ ìtọ̀ wọn títí tí yóò fi mọ́, wọ́n á sì mu ún."

Ìyá Àgbà gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. "Tí wọ́n bá wá fẹ́ ṣe àlùwàlá ńkọ́?"

"Ìyá, n ò rò pé àwọn tó wà níbẹ̀ ń kírun."

"O ò mọ̀. Ṣé o ti débẹ̀ ni? Ibo ni wọ́n ń kọjú sí?"

Nígbà tí Mẹ́tírì ṣàlàyé pé oòrùn máa ń yọ sí wọn, tí ó sì máa ń wọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo, Ìyá Àgbà mi orí. Ó ní tí wọ́n bá ń gbààwẹ̀ níbẹ̀, ṣe ni wọn yóò máa ṣínu kí ẹnu wọn tó gbẹ, ó ní ìyẹn kì í ṣe ààwẹ̀, ìpápánu ni. A rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì gbójú sókè níbi tí ìmọ́lẹ̀ náà gbà lọ.

Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀ láti ìgbà náà, mo sì gbà pé kì í ṣe gíga tí ilé náà ga ló mú bàbá mi lọ́kàn. Ohun tó mú un ni pé èèyàn díẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń rí jẹ. Kí wọ́n tó bí mi, ọjà Lomé tì fún ọjọ́ pípẹ́ nígbà kan tí ìlú dàrú, bàbá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé màmá mi wọlé. Ó máa ń sọ ọ́ pé rédíò ogún ló wà nílé nígbà náà, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tó ṣeé sè nínú wọn. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn, tó sì wá gbọ́ pé àwọn kan ń gbin ẹ̀fọ́ lójú ọ̀run níbi tí kò sí erùpẹ̀, ṣé ara rẹ̀ yóò balẹ̀? Mẹ́tírì sọ fún un o, pé ọkọ̀ mìíràn máa ń ru ẹrù lọ bá wọn láti ilẹ̀. Bàbá mi kò gbọ́ apá ibẹ̀. Etí rẹ̀ máa ń dí nígbà tó bá wù ú.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ló sọ fún wa pé òun ti gba ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà Tsévié lọ́wọ́ oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ òun tó ń padà sílé. Ó ní kí gbogbo wa kó lọ síbẹ̀, kí a kọ́lé, kí a máa gba omi òjò sínú àgbá, kí a gbin ohun tí a ó jẹ, kí ọjà máa ṣí, kí ọjà máa tì, kó má kàn wá. Oúnjẹ alẹ́ là ń jẹ lọ́wọ́. Màmá mi kò gbé ojú sókè nínú abọ́.

"Ta ló gbin nǹkan rí nínú ilé yìí, Bàbá Sàlá? Ẹ̀yin tí ẹ gbin irùngbọ̀n tí kò hù?"

Èmi ni Sàlá, Sàlámótù. Inú mi dùn sí èsì màmá mi yẹn, nítorí èmi náà kò fẹ́ lọ. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Àkúwà, ilé kejì sí tiwa ni wọ́n ń gbé, a jọ ń lọ sílé-ìwé, a jọ ń lu àwọn ọmọ ọkùnrin. Kí ni mo fẹ́ máa bá àgbàdo sọ ní ọ̀nà Tsévié?

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó yá, màmá mi mú un bí ó ṣe ń mú oníbàárà tí kò fẹ́ kúrò nídìí ìsọ̀. Ó ní kí wọ́n dán an wò níbí ná. Oṣù kan, láti ìgbà tí oṣù tó ṣáájú oṣù ààwẹ̀ bá lé, títí oṣù ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi lé. Ohun tí kò bá hù ní àgbàlá yìí, tàbí tí ẹran àgbàlá yìí kò bí, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹnikẹ́ni nínú wa. "Bí a bá ṣe é já, màá di ẹrù mi, n ò ní bá yín jiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú wa bá jẹ ohun ìta, àní bó ṣe hóró iyọ̀, ẹ ó fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀, n ò sì ní gbọ́ orúkọ oko lẹ́nu yín mọ́." Ó tún fi èyí kún un: ojú ilé wa ni yóò rí oṣù náà. A kò ní gbà á lẹ́nu rédíò, a kò ní gbà á lẹ́nu mọ́sáláṣí, nítorí ìròyìn náà, ohun ìta ni. Ìyá Àgbà ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Bàbá mi ní òun gbà, bí ẹni tó ra korobá láìwo ìdí rẹ̀.

Ó fi oṣù mẹ́ta múra sílẹ̀. Ó kó àpò ṣìmẹ́ńtì àlòkù jọ, ó fi yanrìn, eérú àti ìgbẹ́ adìẹ kún wọn, ó gbin ànàmọ́ sínú àwọn kan, ó gbin ata àti tòmátì sínú àwọn mìíràn. Ó gbin àgbàdo sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó gbin gbómà, ẹ̀fọ́ tí àwọn Mínà fẹ́ràn, síbi tí omi ilé ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Ẹ̀gẹ́ kan ti wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ láti ọdún tó kọjá, Ìyá Àgbà ló gbìn ín. Ó ra adìẹ mẹ́fà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣa ìgbẹ́ wọn láàárọ̀, kí n sì máa gbé omi tí a fi bọ́jú lọ dà sídìí gbómà. Mẹ́tírì bá a fi ṣọ́ọ̀kì kọ ètò oúnjẹ sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ọjọ́ kan ní ìlà kan. Màmá mi máa ń fara gbá a kọjá, a sì máa ń rí ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn bùbá rẹ̀ lọ́jà.

Oṣù lé. Ọjọ́ kìn-ín-ní kò tíì dé ìdajì tí a fi mọ̀ pé kò sí iyọ̀. Gbogbo nǹkan ni bàbá mi rò, kò ro iyọ̀, màmá mi sì ti pè é lórúkọ níṣojú rẹ̀. Ìyá Àgbà se ànàmọ́, a jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ òwú. Màmá mi ń jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Lójú oúnjẹ yẹn náà, bàbá mi dìde, ó fa omi kànga, ó tọ́ ọ wò, ó gbé ìkòkò tó tóbi jù nílé kaná. Omi kànga tí gbogbo wa ti ń bú láti ọjọ́ tí a ti dáyé, òun ló ń sè. Èèpo àgbọn ló fi dáná. Ó sè é láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, ó ń bù sí i, ó ń bù sí i, nígbà tó gbẹ tán, ohun kan tó dà bí eérú funfun lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ó fi ṣíbí họ ọ́, kò kún ṣíbí náà. Màmá mi fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó sì dákẹ́. Nínú ilé wa, kí màmá mi dákẹ́, ìròyìn ni.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń se iyọ̀ nígbà tó bá ti ọjà dé. A ń jẹ ànàmọ́ sísè, a ń jẹ ànàmọ́ sísun, a ń jẹ gbómà tí a fi òróró àgbọn sè, a ń jẹ ẹyin bí àwọn adìẹ bá ṣàánú wa. Ìyá Àgbà a máa sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni, ẹni tó bá fi ọ̀fun sábẹ́ àkóso ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ẹnu yẹn náà ni yóò sì tún fi béèrè bóyá ẹyin ṣì kù. Màmá mi ń gbé ànàmọ́ lọ sọ́jà nínú abọ́ olómọrí. Ní Ọjọ́bọ̀ kan tí kò sí ilé-ìwé lọ́sàn-án, mo wà nídìí ìsọ̀ nígbà tí ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ kejì ké sí i.

"Ìyá Sàlá, mo gbọ́ pé ọkọ rẹ fẹ́ gbé yín lọ sínú òṣùpá."

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọkọ tìẹ ńkọ́, níbo ló ti gbé ọ dé rí?"

Gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí ló rẹ́rìn-ín. Ó yà mí lẹ́nu. Nílé, kò sí ohun tí kò fi bàbá mi ṣe. Ó ní adìẹ rẹ̀ gbọ́n jù ú lọ, ó ní yóò fi awò wá ìdí àwo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n lọ́jà, kò sí ẹlòmíràn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Nígbà tí èmi náà lọ́kọ ni mo tó mọ̀ pé bó ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ̀gàn ilé ẹni, ọwọ́ ẹni ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń wà.

Ó di ọjọ́ kẹsàn-án. Ìyá Àkúwà ń din bọ̀tọ̀kọ́ìn lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé wa, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, tí wọ́n dín roboto bí ẹyin. Kí gbogbo ayé wá wò mí: ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ti jẹ ànàmọ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń já bọ̀tọ̀kọ́ìn gbígbóná sí méjì níwájú rẹ̀. Àkúwà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn na ìdajì sí mi. Mo jẹ ẹ́. Mo lá ìka mi, mo nu ọwọ́ mi sí kàkí ilé-ìwé mi, mo sì padà sílé bí ẹni tó ti pa èèyàn. Mo mọ̀ pé bàbá mi ti pàdánù, òun nìkan ni kò mọ̀. Mo lè sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ oko parí, kí n má fi Àkúwà sílẹ̀ mọ́. Ohun tí mo sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọlé ni mo bá a tó jókòó ti ìkòkò iyọ̀ rẹ̀, ó ní, "Sàlá, wá wò ó, tòní funfun ju tàná lọ." Mo wò ó. Mo ní ó funfun lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde lẹ́nu mi mọ́.

Nǹkan ń lọ dáadáa títí a fi wọ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Nígbà náà ni a ṣí àpò àgbàdo gbígbẹ, a bá ìdí rẹ̀ tó ti lu, a sì bá ìgbẹ́ èkúté níbi tí ó yẹ kí a bá àgbàdo. Mẹ́tírì ṣírò ẹnu wa, ó ṣírò ọjọ́, kò ṣírò èkúté Bè. Lójú ọ̀run, kò sí èkúté. A pa adìẹ tó kù. A hú ẹ̀gẹ́ àti ànàmọ́ tán. A ká gbogbo èso orí igi àgbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, àgbọn àti igi gbómà lásán ló kù fún wa, ìgbẹ́ gbuuru sì ti ń yọ Múfú lẹ́nu látàárọ̀ nítorí àgbọn. Ó dáwọ́ igbe dúró, ó kàn ń wò. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, màmá mi kò lọ sọ́jà. Ó gbé Múfú sẹ́sẹ̀, ó sì sọ fún bàbá mi láìgbé ohùn sókè:

"Bí oṣù bá lé nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ ti já a, màá sì di ẹrù. Bí kò bá lé, ọgbọ̀n ọjọ́ ni oṣù yìí yóò pé, ọmọ yìí kò sì ní fi àgbọn dúró de ọgbọ̀n ọjọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, màá ra ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ọ̀rọ̀ oko sì ti tán."

Bàbá mi wo Múfú. "Ẹ̀tọ́ ni," ló wí.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, gbogbo wa wà ní àgbàlá, a kọjú sí apá Amoutivé, ní ìwọ̀ oòrùn, níbi tí oṣù tuntun ti máa ń yọ. Èéfín ilé ìdáná àwọn ará àdúgbò àti ìkùukùu òkun dà pọ̀ lójú ọ̀run. Mẹ́tírì ti lọ sí Atakpamé lọ kí ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà ní òun adájọ́ kò ríran kọjá ẹnu kànga, bàbá mi kò sì lè jẹ́rìí gbe ara rẹ̀, nítorí oṣù tí ó ń wá lójú méjèèjì, ó lè rí i nínú àwo ọbẹ̀. Bàbá mi bọ́ awò náà lọ́rùn, ó fi kọ́ mi lọ́rùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn nìyẹn.

"Sàlá ní ojú tó mú jù nílé yìí," ló wí. "Ohun tó bá rí ni."

Mo gbé e sójú. Mo rí wáyà iná, mo rí òrùlé, mo rí ewé àgbọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé náà, níbi tí ìkùukùu ti fẹ́lẹ́, mo rí oṣù. Ó tín-ín-rín, ó tẹ̀ díẹ̀. Mo rí i kedere bí mo ṣe ń rí ìka mi yìí. Mo sì ro Àkúwà, mo ro ilé-ìwé, mo ro ọ̀nà Tsévié tí n kò mọ ẹnì kan níbẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan," mo wí.

"Tún wò ó," ni Ìyá Àgbà wí.

"Mi ò rí i, Ìyá."

Bàbá mi kò jiyàn. Ó fọwọ́ wá odi kànga, ó jókòó sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orúnkún rẹ̀. Gbogbo ọwọ́ náà ni iyọ̀ ti jẹ, ó là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Kẹ̀kẹ́ kànga ń mì lórí rẹ̀ láìdún. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Màmá mi wà lẹ́yìn mi, Múfú wà léjìká rẹ̀. Kò ní awò.

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé àgbọn kejì," ló wí. "Ó tín-ín-rín bí èékánná ọmọ yìí."

Ìyá Àgbà yí ojú sí ibi tí ohùn náà ti wá. "Ìyàwó, ṣé o mọ ohun tí o ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Mo rí oṣù."

"Ẹni tó jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí, "a kì í bi í léèrè ẹlẹ́rìí kejì. Oṣù ti lé." Ó sì yí sí mi. "Sàlá, tún gbé e sójú."

Mo gbé e sójú. Mo ní mo ti wá rí i.

"Ojú rẹ tètè là," ni màmá mi wí.

Ẹ má béèrè ohun tí bàbá mi ṣe. Ó dìde lórí odi kànga, kò dúpẹ́, kò rẹ́rìn-ín, kò gbé awò rẹ̀ pàápàá. Ó sáré jáde láìwọ bàtà lọ ra ẹ̀kọ fún Múfú. Òun tó jáwé olúborí, òun náà ló kọ́kọ́ gbé oúnjẹ ìta wọlé. Ó rà á pọ̀ débi pé a jẹ ẹ́ ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, a kó lọ. N kò ní purọ́ pé ó dùn. Ní ọdún àkọ́kọ́, ikán jẹ òpó ilé, ewúrẹ́ àwọn ará abúlé jẹ ohun tí ikán fi sílẹ̀. Màmá mi kò fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn kò sí nínú àdéhùn. Ó ń wọ mọ́tò lọ sí Lomé láràárọ̀, ó sì ń bú bàbá mi láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ibùdókọ̀. Ìyá Àgbà sinmi síbẹ̀ ní ọdún karùn-ún. Nígbà tí ilẹ̀ náà wá gbọ́ wa tán, a ní ẹ̀gẹ́, a ní adìẹ, a ní ìkòkò ńlá mẹ́rin fún omi òjò, ọjà sì ti dàrú nígbà méjì sí mẹ́ta láti ìgbà náà tí ebi kò kan ilẹ̀kùn wa. Màmá mi tó lóun kò lọ, òun ni kò ṣeé fà kúrò níbẹ̀ lónìí. Èmi ni mo padà sí Bè, mo sì ń gbé bọ́ọ̀sì lọ kí wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ní àkókò òjò tó kọjá yìí, èmi àti màmá mi jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́ ní ilé ìdáná. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Nínú oṣù ìjọsí, mo jẹ bọ̀tọ̀kọ́ìn."

Kò dá ọ̀bẹ dúró. "Ti ọjọ́ kẹsàn-án?"

Ọwọ́ mi ló dúró. "Ẹ mọ̀?"

"Ta ló ń fọ kàkí rẹ? Òróró tó wà ní ìdí aṣọ yẹn tó láti fi din òmíràn."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ borí?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mú aṣọ náà dání, mo jáde sí àgbàlá. Mo bá bàbá rẹ níwájú ìkòkò, ó ń họ iyọ̀. Ó ń họ ọ́ bí ẹni ń yọ nǹkan kúrò lójú ìkókó." Ó ju ẹ̀gẹ́ sínú omi. "Mo ní kí n jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún ń họ ọ́. Mo ní kó di ọ̀tunla."

Mo fẹ́ béèrè ìdí tó fi jẹ́rìí sí oṣù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò béèrè. Ẹni tó ti dá mi lóhùn kí n tó béèrè, kí ni mo tún ń wá? Ó tún ní kí n má sọ ọ́ fún bàbá mi. N kò ní sọ. Mo kàn kọ ọ́ ni. Ojú rẹ̀ kò sì ka ìwé mọ́, ohun tó jìnnà nìkan ló ń rí.

Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá mi pè wá láti ìta. Ó ní ìmọ́lẹ̀ náà ti ń gòkè bọ̀, kí a yára wá, kò ní dúró dè wá.

"A ti rí i," ni màmá mi dáhùn, ó sì ń nu ọwọ́ rẹ̀ kó lè jáde. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Bó o bá ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, bá mi ra bọ̀tọ̀kọ́ìn. Gbogbo nǹkan ló ń hù lórí ilẹ̀ bàbá rẹ yìí, ìyẹn nìkan ni kò tíì hù."